Ìrìn Òkè Ìdànrè pẹ̀lú Ọmọ àti Ajá

Ìsinmi ilé-ìwé tún wọlé dé, ariwo ọmọ sì ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Kò sí ìyá kan nínú àwọn òǹkàwé wa tí kò mọ ìbéèrè tí í jáde lẹ́nu àwọn ọmọ nígbà tí ìsinmi bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan: "Màmá, níbo ni a ó lọ?" Owó ìrìn-àjò sí ìlú òkèèrè kò sí lọ́wọ́ gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ọmọ jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ojú ìwé wa ti ọ̀sẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ lórí ìgbádùn kan tí ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀, èyíinì ni kí ìdílé jáde láàárọ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gun òkè, kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó sì ti jẹ́ pé ilé púpọ̀ ni ó ní ajá, tí àwọn ọmọ kì í sì í fẹ́ fi ajá wọn sẹ́yìn, a ó sọ ti ajá pẹ̀lú. Àní ọ̀rọ̀ ti ajá ni yóò gba ibi tí ó pọ̀ jù.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe aláìní òkè. Àwọn ará Abẹ́òkúta ní Olúmọ, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ní Olósùnta, àwọn ará Adó-Àwáyé sì ní òkè tiwọn tí adágún omi wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí, nítorí pé kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ọ̀nà rẹ̀ hàn gbangba, ohun tí ọmọ yóò sì kọ́ níbẹ̀ kò lóǹkà.

Òkè Ìdànrè kì í ṣe òkè erùpẹ̀. Òkúta líle ni, àpáta ńláńlá tí wọ́n dìde láàárín igbó bí ẹ̀yìn agbo erin, tí oko kòkó sì yí wọn ká. Láti ìsàlẹ̀, ènìyàn yóò gun àtẹ̀gùn tí àwọn ènìyàn máa ń kà sí 660, ibùsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí ó bá rẹ̀. Bí a bá gun àtẹ̀gùn náà tán, a kò tíì dé; ọ̀nà ṣì wà láàárín àpáta àti koríko kí a tó kan ìlú àtijọ́. Níbẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún, tí wọ́n bí ọmọ, tí wọ́n sin òkú, tí wọ́n sì ru ẹrù gòkè láìsí àtẹ̀gùn kankan. Kí àwọn ọdún 1930 tó dé ìdajì ni ìlú ti sọ̀kalẹ̀ tán sí ìsàlẹ̀ níbi tí ó wà títí di òní. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì ń bẹ lókè pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ ń bẹ, ilé-ìwé àtijọ́ ń bẹ pẹ̀lú, àti ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóógun. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá ojú ẹsẹ̀ náà mu, ìbáà ṣe ti àgbà, ìbáà ṣe ti ọmọdé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà wọ inú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Wàyí o, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí mú lọ nínú gbogbo ohun tí a ó kọ sí ìhín. Ìrìn òkè kì í ṣe eré ìje. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ó wọn ìrìn fún gbogbo ẹgbẹ́. Nínú ìdílé tí ó bá mú ajá lọ, nígbà púpọ̀, ajá ni ẹni náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó máa ń sáré síwájú jù ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé. Bí oòrùn bá mú ènìyàn, a máa làágùn káàkiri ara, atẹ́gùn a fẹ́ sí òógùn náà, ara a sì tutù. Ajá kò ní irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Irun bo ara rẹ̀. Ibi tí ó ti lè làágùn kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, ìyẹn kò sì tó nǹkan. Ohun tí ó fi ń lé ooru jáde ni èémí rẹ̀: yóò la ẹnu, yóò na ahọ́n síta, yóò sì máa mí gúlegúle. Ara ajá tí àlàáfíà wà fún gbóná ju ti ènìyàn lọ díẹ̀, bí 38 sí 39 ní òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti ń súnmọ́ 41, ewu ikú ti dé. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbóná tí ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú rẹ̀, bí ó ti máa ń rí ní ilẹ̀ wa, èémí yìí kì í tó láti tu ara rẹ̀.

Àpáta tún wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni òkúta ti ń mu oòrùn, àwa wọ bàtà, a kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹsẹ̀ lásán ni ajá fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé àpáta náà, kí ẹ sì ka ení, èjì, títí dé èje, láìyára. Bí ọwọ́ yín kò bá lè gbà á títí ẹ ó fi kà á tán, ẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á pẹ̀lú.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà nira ni ìwà ajá fúnra rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó bá rẹ̀ a dúró gbọn-in, pàṣán kò sì ní í ràn án. Ewúrẹ́ a dùbúlẹ̀, a máa ké. Ṣùgbọ́n ajá yóò tẹ̀lé olúwa rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí ìtàn ọdẹ àti àwọn ajá rẹ̀ tí a máa ń pa fún àwọn ọmọ ní alẹ́: ọdẹ pè, ajá sì wá. Irú ẹ̀dá tí ó jẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ajá ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró, nítorí ajá kì yóò dúró fúnra rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.

A ó mú ìmúrasílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni ìbéèrè. Kí ẹ tó mú ajá kúrò nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òkè náà bí wọ́n bá gbà á láyè. Ojúbọ àti ibojì àwọn ọba wà ní àwọn òkè wa; ibi ọ̀wọ̀ ni wọ́n jẹ́ fún àwọn tí ó ni wọ́n, kò sì yẹ kí àlejò fa ẹran wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Ẹ fi ajá sílé lọ́dọ̀ ẹni tí yóò fún un ní omi, kí ẹ sì mú un rìn ní ọ̀nà oko nítòsí ilé ní ọjọ́ mìíràn.

Èkejì ni àkókò. Ẹ jẹ́ kí agogo méje òwúrọ̀ bá yín ní ìsàlẹ̀ òkè, kí ìpadà yín sì ti bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní ìgbà òjò, àtẹ̀gùn a máa yọ̀, àpáta gbalasa kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn í dúró sí nígbà tí àrá bá ń sán. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, òwúrọ̀ tutù, ṣùgbọ́n kùrukùru rẹ̀ a máa bo ohun tí ẹ gòkè lọ wò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ a sì máa gbẹ ọ̀fun ni kíákíá. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá dáwọ́ dúró, kí ọyẹ́ tó le, ni a fẹ́ràn jù.

Ẹ̀kẹta ni omi. Kí omi àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan má dín ní lítà méjì, ti ọmọdé lítà kan ó kéré tán. Kí omi ajá tí ó tóbi níwọ̀nba jẹ́ lítà méjì lọ́tọ̀, nítorí kì í ṣe mímu nìkan ni a ó fi ṣe; a lè ní láti dà á sí i lára. Ẹ mú abọ́ fífúyẹ́ kan fún un. Ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ibùsinmi, kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá béèrè.

Ẹ̀kẹrin ni okùn. Kì í ṣe pé ajá yín burú, ṣùgbọ́n aláǹgbá pọ̀ lórí àpáta, kò sì sí ajá tí í rí aláǹgbá tí ń sáré kí ó má fẹ́ lé e. Aláǹgbá mọ etí àpáta. Ajá kò mọ̀ ọ́n. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ̀rù ajá, bí ẹ bá sì pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn tóóró, ẹ̀rù lè mú kí wọ́n yọ̀ ṣubú. Àwọn àgbà wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ so ó mọ́ okùn tí kò gùn ju mítà méjì lọ, kí àgbàlagbà sì dì í mú, kì í ṣe ọmọ kékeré. Ajá tí ó bá já lù síwájú lójijì lè fa ọmọ lulẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ yìí lọ́dọ̀ dókítà ẹran kò yẹ ní ẹni tí a ń mú lọ sáàárín ènìyàn. Láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur ará Faransé fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ni ayé ti mọ̀ pé a lè dènà àrùn náà. Ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, díẹ̀ kíún ni ó tíì là á já. Bí ajájájá kan bá bu ọmọ yín jẹ lójú ọ̀nà, tàbí tí ó tilẹ̀ há a lára díẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá yóò san.

Ajá tí kò tíì pé ọdún kan, ajá arúgbó, ajá tí ó sanra jù, ajá òyìnbó onírun púpọ̀, àti èyí tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, kí wọ́n jókòó sílé. Àwọn onímú pẹlẹbẹ ni ooru máa ń tètè pa jù, nítorí ọ̀nà èémí wọn há.

Ó lè jẹ́ pé òǹkàwé kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ wa ti pọ̀ jù lórí ẹran lásán. A ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa, kí ó lè yé yín ìdí rẹ̀ tí a kò fi ka ọ̀rọ̀ náà sí ti ẹran lásán.

Ọmọ mẹ́ta ni a mú lọ sí Ìdànrè pẹ̀lú ìyá wọn: Délé, àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti àbíkẹ́yìn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ajá wa tí ń jẹ́ Tanímọ̀la wà pẹ̀lú wa. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi kúrò nílé, ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ fọ́ lójú ọ̀nà, agogo mẹ́sàn-án sì ti kọjá kí a tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ọjọ́ náà ṣú díẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbà kí ajá wọlé pẹ̀lú okùn. Kí a tó fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, a kó àwọn ọmọ jọ, a sì bá wọn dá májẹ̀mú kan: ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ rẹ̀ débi tí kò lè lọ mọ́, gbogbo wa ni yóò bá a padà, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i. Gbogbo wọn ní àwọn gbà. Délé ni ó kọ́kọ́ gbà, nítorí ó dá a lójú pé kì í ṣe òun ni yóò rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ń ka àtẹ̀gùn sókè bí a ti ń lọ. Nígbà tí ó ti ka irínwó kọjá, ìkùukùu ká kúrò lójú oòrùn, àpáta sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ní ibùsinmi tí ó tẹ̀lé e, Tanímọ̀la wọ abẹ́ ìbòòji, ó sì nà gbalaja. Ó ń mí kíkankíkan, itọ́ rẹ̀ ki, ìdí eyín rẹ̀ sì pọ́n rẹ́rẹ́. A gbé omi fún un, kò bìkítà fún omi náà.

Délé ní, "Bàbá, ó kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé e, kí a máa lọ."

Bàbá àgbàlagbà tí ń fi ọ̀nà hàn wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, ajá ni. Bí ẹ bá ti ń lọ, yóò dìde."

Ìyá wọn dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó wá yíjú sí wa, ó ní, "Bàbá Délé, àdéhùn wa ńkọ́?"

Ọmọ náà kò jẹ́ kí a fèsì. Ó ní, "Màmá, ẹni tí ó bá sọ pé ó rẹ òun ni a ní. Ajá kò sọ pé ó rẹ òun."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ti sọ ọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹnu ni ó fi sọ ọ́."

A kò jiyàn mọ́. A da omi sí ajá náà lára, ní àyà, ní ikùn, ní abẹ́ apá àti ní ìtan. Ọmọbìnrin wa sì fi fìlà rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. A kò fi aṣọ tútù bò ó, nítorí aṣọ a máa há ooru mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, èémí rẹ̀ rọlẹ̀, ó mu omi, ó dìde, ó sì ju ìrù. Inú àwọn ọmọ dùn. Délé kígbe pé, "Ara rẹ̀ ti yá! Ẹ jẹ́ kí a gòkè!"

Ibi tí ó nira fún òbí nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Òkè kò jìnnà mọ́. A ti náwó ọkọ̀, a ti san owó ẹnu ọ̀nà, ìlú àtijọ́ tí a wá wò sì wà lókè orí wa níbẹ̀. Ajá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára wa, ó ń retí ibi tí a ó kọjú sí kí ó lè tẹ̀lé wa. Bí a bá gòkè ni, yóò gòkè. Ṣùgbọ́n ara tí ooru bá ti mú bẹ́ẹ̀ kì í yá tán ní ogún ìṣẹ́jú, àtẹ̀gùn tí ó kù kò sì ní ìbòòji tó. Májẹ̀mú sì ni májẹ̀mú. A sọ̀kalẹ̀.

Àkọ́bí wa kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó rin níwájú, ó di ẹnu rẹ̀ pọ̀, àwa náà kò sì bá a wí, nítorí a mọ̀ pé ohun tí ó pàdánù kì í ṣe kékeré lójú rẹ̀. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ gbogbo wa, òun ni ó gba ìgò omi, ó sì kọ́kọ́ bu sínú abọ́ ajá kí ó tó gbé e sẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ó sì ní kò sí ewu. Ní oṣù kejìlá, a tún lọ sí Ìdànrè ní kùtùkùtù láìmú ajá dání, a gòkè dé ààfin àtijọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi ẹsẹ̀ wọn wọn ojú ẹsẹ̀ Agbóógun. Òkè kò kúrò níbi tí a fi í sí.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ju ti ajá lọ. Nínú gbogbo ilé ni ẹni kan wà tí kò lè fi ẹnu sọ pé ó rẹ òun: ọmọ ọwọ́ ń bẹ, ìyá àgbà tí kò fẹ́ da àwọn ọmọ láàmú ń bẹ, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bẹ̀rù àti sọ̀rọ̀ ń bẹ. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti wo ojú ajá rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé ó tó, yóò mọ̀ ọ́n lójú ìyá àgbà rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá sì rí i pé àwọn òbí òun mú àdéhùn ṣẹ fún ẹran tí kò lè mú wọn lẹ́jọ́, kì yóò ṣiyèméjì pé wọn yóò mú àdéhùn ṣẹ fún òun.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkìlọ̀ díẹ̀ kún un fún àwọn tí yóò gòkè.

Ní ti ejò, kí àgbàlagbà tí ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ máa rìn níwájú níbi tí koríko bá ga, kí ọmọ má sì ti ọwọ́ bọ ihò àpáta. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe fi abẹ gé ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà wà láìmira, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ó bá jẹ́ ajá ni, ẹ gbé e, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn, kí ẹ sì wá dókítà ẹran.

Ní ti omi orí àpáta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá wọ inú rẹ̀, ẹ má sì fi ọṣẹ fọ ohunkóhun níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń bẹ tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Perret pè, a kò sì tíì rí i níbòmíràn ní gbogbo ayé bí kò ṣe ní Òkè Ìdànrè. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pòórá mọ́ àwọn onímọ̀ lójú fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, títí wọ́n fi tún ṣe àwárí rẹ̀, tí wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní ọdún 2014. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣì ní ìrù a máa gbé nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń ṣàn lójú àpáta, èyí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lè tẹ̀ rẹ́. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín láti ọ̀ọ́kán bí ẹ bá rí i, kí ẹ má ṣe mú un.

Ní ti ìdọ̀tí, ọ̀rá omi àti ìgò tí ẹ gbé gòkè, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. Bí ajá bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ fi ọ̀rá kó o kúrò. Ọ̀nà àwọn ènìyàn ni.

Bí ẹ bá sì délé, ẹ má ṣe kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá wò bóyá ó bó tàbí ẹ̀gún wọ̀ ọ́. Ẹ tú irun rẹ̀ wò, nínú etí, ní abẹ́ ọrùn àti láàárín ìka ẹsẹ̀, nítorí eégbọn a máa bá a wálé láti inú koríko. Ẹ fi ohun èlò kékeré tí ń mú nǹkan mú eégbọn náà súnmọ́ ara, kí ẹ fà á tààrà, kí ẹ sì fọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ajá sinmi kí ó tó jẹun yó. Ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò pẹ̀lú, kí ẹ wẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sì sùn.

Ẹ mú un bẹ́ẹ̀ fún ìsinmi yìí. Ẹ yan òkè tí ó súnmọ́ yín, kí gbogbo ilé jókòó ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí wọ́n sì dá májẹ̀mú wọn kí ẹnikẹ́ni tó so okùn bàtà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí a bá wà láàyè, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í tọ́jú oúnjẹ ọmọ fún ìrìn-àjò kí ó má ba à kan. Ó dìgbà náà o.